Igi, Ìṣó àti Iná Mànàmáná: Orin Sleepytime Gorilla Museum

Sleepytime Gorilla Museum jẹ́ ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 1999. Orin mẹ́tàlì ni wọ́n ń kọ, ìyẹn orin jìtá oníná tí ariwo rẹ̀ máa ń mi ilẹ̀ tìtì, ṣùgbọ́n mẹ́tàlì tiwọn kì í ṣe irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Inú ẹ̀yà tí àwọn olórin ń pè ní avant-garde metal ló bọ́ sí, ẹ̀yà àwọn alárà tí kì í fẹ́ gba ojú ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti là. Láàárín àwọn alárà náà pàápàá, ohun méjì ló mú wọn dá yàtọ̀. Wọ́n ń sọ orin di eré orí ìtàgé, pẹ̀lú ẹ̀wù, ojú kíkùn, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Bákan náà, púpọ̀ nínú ohun èlò tí wọ́n ń lù ni kò sí lórí àtẹ níbikíbi: àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ẹ, tí wọ́n kàn án, tí wọ́n so wáyà sí i, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn orúkọ náà tó ohun tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Slide-Piano Log wà níbẹ̀, Pedal-Action Wiggler wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Electric Pancreas, Viking Rowboat, Percussion Guitar àti Pressure-Cap Marimba. Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn àwo wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Yẹ̀yẹ́ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi gidi ni igi náà, irin gidi sì ni irin.

Ohun tó ń mú kí orin wọn ṣòro láti gbọ́, tó sì tún ń mú kó dùn, kò jìnnà sí èyí. Bí jìtá bá dún, etí ti mọ̀ pé jìtá ni, kò tún béèrè mọ́. Bí fèrè bá dún, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n tí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí bá fọhùn, etí á ta gìrì, á sì máa wá ibi tí ìró náà ti ń bọ̀. Gbogbo ọgbọ́n ẹgbẹ́ yìí ló dúró lórí títa gìrì yẹn, eré orí ìtàgé wọn sì ni ìdáhùn tí wọ́n ń fún ojú lẹ́yìn tí etí bá ti béèrè.

Orin mẹ́tàlì fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ohun àfọwọ́ṣe. Ní ọdún 1965, ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tony Iommi, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17, lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ ìkẹyìn ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ páànù irin. Ẹ̀rọ já orí ìka méjì lọ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló sì fi ń tẹ okùn jìtá. Ó yọ́ ike ọṣẹ olómi, ó mọ ọ́n bí ìbọ̀rí ìka, ó ń fá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ìka mu, ó sì lẹ awọ mọ́ ọn lórí kí ó má baà máa yọ̀ lórí okùn. Nítorí pé ìka náà kò lè tẹ okùn líle bíi ti tẹ́lẹ̀, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́ sí jìtá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn náà sílẹ̀ ju bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe lọ. Ohùn tó jáde níbẹ̀ wúwo, ó sì jinlẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn orin yìí sì gbà pé ibẹ̀ ni mẹ́tàlì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ló ṣe ọmọkùnrin náà léṣe, ike ọṣẹ ló sì fi dá ara rẹ̀ padà sídìí jìtá.

Ohun kan tún wà nínú mẹ́tàlì tó yẹ ní mímọ̀ kí a tó kúrò lórí rẹ̀. Ariwo gbígbóná tó ń ti inú jìtá yẹn jáde máa ń wáyé nígbà tí wọ́n bá ti iná wọ inú ańpúlífáyà ju bí ó ṣe lè gbé lọ. Orí ìgbì ohùn á gé, ìró kéékèèké tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì máa ru jáde. Nítorí náà ni àwọn onímẹ́tàlì kì í fi í ta gbogbo ohùn inú kọ́ọ̀dù pọ̀. Dò àti sò nìkan ni wọ́n máa ń ta, ní èdè àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé àwọn méjèèjì ṣì bára wọn rẹ́ nínú ariwo náà; tí wọ́n bá fi mí kún un, gbogbo rẹ̀ á rú. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni pé ańpúlífáyà lè sọ ìró kékeré, ìró tí ènìyàn kì bá tí gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá, di ohun tó ń bú ramúramù.

Eré ṣíṣe náà ti wà nínú orin yìí tipẹ́. Olórin rọ́ọ̀kì náà, Alice Cooper, ti ń gbé igi ìsorọ̀ àti ẹ̀rọ ìbẹ́rí wá sórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń kun ojú lẹ́yìn rẹ̀ kò sì lóǹkà. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ Celtic Frost ti ilẹ̀ Switzerland gbé àwo Into the Pandemonium jáde, wọ́n sì fi ohun èlò olókùn ti àwọn olórin kíláásíkà àti ohùn obìnrin sínú mẹ́tàlì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà alárà yìí sí. Mr. Bungle ti California àti Arcturus ti Norway wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n jìtá, báàsì àti ìlù tí wọ́n rà lọ́jà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń lò.

Ìdílé tí ohun èlò àfọwọ́ṣe ti wá yàtọ̀. Ó lọ sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì tó ń pe ara wọn ní Futurist. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1909, F. T. Marinetti tẹ ìkéde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Le Figaro ní Paris. Ó ní kí wọ́n wó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kí wọ́n wó ilé ìkàwé, kí ẹ̀rọ àti eré sísá gba ìjọba. Ní 1913, ọ̀kan nínú wọn, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Luigi Russolo, kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe lè fi ariwo ìlú ńlá ṣe orin. Ó kan àpótí onígi tó ní ẹnu bíi ti gírámófóònù, tí wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tó ń kùn, tó ń hó, tó ń bú. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ìlú Milan ní oṣù Kẹrin ọdún 1914, ìjà ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Kò sí ìkankan nínú àwọn àpótí náà tó kù. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí jẹ́ èyí tí wọ́n tún kàn.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tó jinlẹ̀ jù ni Harry Partch, ọmọ bíbí Oakland kan náà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1901 ni wọ́n bí i. Dùùrù pín àlàfo tó wà láàárín dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè sí ọ̀nà 12. Partch ní ìpín náà kò bá bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ mu, òun sì fẹ́ orin tó lè tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1930 ó dáná sun gbogbo orin tó ti kọ láti bí ọdún 14 sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú ìpín 43. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò tó ní ohùn 43, torí náà ó di kàfíńtà ní tipátipá. Ní àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ó rìn kiri fún ọdún bíi mélòó kan, ó ń fò mọ́ ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù pẹ̀lú àwọn aláìnílé, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ bí orin.

Ọ̀kan nínú ohun èlò rẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ilé ìwádìí nípa ìtànṣán ní Yunifásítì California ní Berkeley ń da ìgò ńláńlá onípirẹ́ẹ̀sì nù, irú èyí tó ń gba omi gálọ́ọ̀nù 12. Partch gba díẹ̀ nínú wọn, ó gé orí àti ìdí wọn, ó sì fi okùn so wọ́n rọ̀ sórí férémù onígi tó ga ju ènìyàn lọ. Cloud Chamber Bowls ló pè é. Ẹni tó ń lù ú gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá tó rọ̀ lórí kan ẹ̀gbẹ́ ìgò náà jẹ́jẹ́, nítorí pé ó lè fọ́, ó sì máa ń fọ́. Bí ọ̀kan bá fọ́, ohùn tuntun gbáà ni òmíràn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ máa ń mú wá, torí kò sí ìgò méjì tó dún bákan náà. Ó tún fi ìkarahun ọta ìbọn ńlá ṣe ohun èlò, ó fi ìgò ọtí àti ìdérí táyà mọ́tò ṣe òmíràn.

Partch kò fẹ́ kí olórin jókòó sínú kòtò pẹ̀lú kóòtù dúdú kí ó máa wojú ìwé. Ó ní kí ohun èlò wà lójú ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ eré, kí ẹni tó ń lù ú wọṣọ eré, kí ó jó, kí ó pariwo, kí ó kọrin. Delusion of the Fury, tí wọ́n ṣe ní Los Angeles ní oṣù kìíní ọdún 1969, ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ. Apá kìíní rẹ̀ wá láti inú eré Noh ti àwọn ará Japan. Apá kejì jẹ́ ìtàn kan láti Ethiopia: ìyá arúgbó kan ń wá ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù, ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó dití, kálukú ṣi ara rẹ̀ gbọ́ títí ọ̀rọ̀ fi dìjà, wọ́n sì kó ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ adájọ́ tí òun náà dití tí kò sì ríran dáadáa. Partch kú ní San Diego ní ọdún 1974.

Ní apá Yúróòpù, ẹgbẹ́ Einstürzende Neubauten bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Berlin ní ọdún 1980, wọ́n ń fi irin tí wọ́n ṣà níbi ìkọ́lé àti dírílì ṣe orin. Ìyàtọ̀ wọn sí Partch ni pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá ohùn irin náà bá ti ẹnì kejì mu.

Sleepytime Gorilla Museum jogún àwọn méjèèjì. Nils Frykdahl àti Dan Rathbun, méjì nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀, Idiot Flesh, tó ti ń ṣe eré ẹlẹ́yà pẹ̀lú orin rọ́ọ̀kì ní agbègbè Oakland láti àárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ìyẹn tú, wọ́n pe Carla Kihlstedt mọ́ra, obìnrin tó kọ́ fàólíìnì ní ilé ẹ̀kọ́ orin kíláásíkà, àti àwọn onílù méjì, David Shamrock àti Moe! Staiano. Àmì ìyanu yẹn wà lára orúkọ Moe! gan-an. Nígbà tó yá, Matthias Bossi gba ìlù, Michael Mellender sì wọlé pẹ̀lú jìtá, fèrè idẹ àti ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ wọn jẹ́ eré fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn jogún orúkọ náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n dá ilé ìkóhun-sí kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ iwájú ló ń pàtẹ, kì í ṣe àtijọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ènìyàn àti ojú tó le koko, débi pé ẹlòmíràn á gbàgbọ́. Ẹni tó bá ti mọ ìkéde Marinetti yóò rí ibi tí àwàdà náà ti ń bọ̀: àwọn tó ní kí wọ́n wó gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá kọ́ ọ̀kan fún. Wọ́n tún máa ń sọ pé ìgbín aláìníkarahun kan ṣoṣo, irú aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú igbó California, ni òǹwòran tó wá síbi eré wọn àkọ́kọ́.

Rathbun, tó ń ta báàsì, ni kàfíńtà ẹgbẹ́ náà. Òun ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú ohun èlò wọn. Slide-Piano Log ni olórí wọn: ìtì igi gígùn kan tí wọ́n na okùn irin dùùrù lé lórí. Kò ní àpótí bíi ti dùùrù, kò sì ní bọ́tìnnì tí ìka ń tẹ̀. Ẹni tó ń lò ó á fi igi kékeré lu okùn náà lọ́wọ́ kan, á sì máa fi irin yọ̀ lórí rẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ohùn á máa gùn sókè, á máa rọ̀ wálẹ̀ láìdúró lórí àtẹ̀gùn kankan. Nínú Pedal-Action Wiggler, ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ohun ìtẹ̀, okùn á le, ohùn á ròkè. Bí ẹsẹ̀ bá dẹ̀, ohùn á rọ̀. Onígángan tó ń fún ọsán ìlù mọ́ ìhà mọ ọgbọ́n yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un: líle àti dídẹ̀ ló ń sọ ohùn, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ lù.

Iná mànàmáná ló jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe nínú orin mẹ́tàlì. Lábẹ́ okùn jìtá oníná, irin òòfà wà, wọ́n sì ti ká wáyà bàbà tín-ín-rín yí i po ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nígbà tí okùn irin bá gbọ̀n lókè òòfà náà, ó ń da agbára rẹ̀ rú, iná kíún á sì gba inú wáyà kọjá. Iná kíún yìí ni ańpúlífáyà ń sọ di ńlá. Òòfà kò mọ okùn jìtá yàtọ̀ sí sípíríǹgì ìjókòó mọ́tò, ìṣó, tàbí ayùn. Irin tó bá ti lè fa òòfà, tó sì lè gbọ̀n, ti di jìtá nìyẹn. Fún igi, ike àti àwọn ohun tí òòfà kò lè gbọ́, máìkì kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan náà. Kì í gbọ́ afẹ́fẹ́, gbígbọ̀n ara ohun tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ nìkan ló ń gbọ́. Pẹ̀lú rẹ̀, bí èékánná bá ha ìtì igi, ó lè dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ilẹ̀kùn ńlá.

Ìdí tí etí kò fi tètè mọ irú ìró bẹ́ẹ̀ tún wà nínú ìṣẹ̀dá irin. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n fà le dáadáa máa ń bí ìró kéékèèké mìíràn lórí ìró rẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì máa ń tò ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, tó jẹ́ pé etí á kó wọn pọ̀ bí ohùn kan. Irin pẹlẹbẹ, sípíríǹgì àti okùn tó nípọn kì í tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìró inú wọn kò bára wọn dọ́gba, etí kò sì lè sọ pàtó bóyá dò ni àbí rè. Àwọn Sleepytime Gorilla Museum máa ń fi irú ohùn tí kò ṣeé dárúkọ yìí sí ẹ̀gbẹ́ fàólíìnì Kihlstedt, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Láàárín àwọn méjèèjì ni orin wọn ti ń gba agbára, lójú ẹni tó ń kọ èyí, ju inú ariwo jìtá lọ.

Lórí ìtàgé, ohun gbogbo di àfojúrí. Frykdahl, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n, máa ń kun ojú, á wọ aṣọ tó jọ ti obìnrin àtijọ́ tàbí ti àlùfáà tí a kò mọ ẹ̀sìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bí ẹkùn, á gòkè títí á fi dà bíi ti ọmọdé. Láàárín orin, ẹnì kan lè ṣe ìkéde bí ẹni tó ń fi ilé han àlejò. Kihlstedt máa ń ta fàólíìnì kí ó sì máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó le ju bó ṣe rí lọ, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni fàólíìnì fi ń dúró. Staiano, ní tirẹ̀, nígbà tó ṣì wà pẹ̀lú wọn, máa ń ní abọ́ oúnjẹ, páànù àti sípíríǹgì ní iwájú rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì wà nínú àkọsílẹ̀ ohun èlò lẹ́yìn àwo gẹ́gẹ́ bí dùùrù ṣe lè wà.

Wọ́n tún bá àwọn oníjó Butoh ṣiṣẹ́, pàápàá Shinichi Iova-Koga ti ẹgbẹ́ inkBoat. Butoh jẹ́ ijó tí Tatsumi Hijikata bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1959; àwọn tó ń jó o máa ń kun ara ní funfun, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ká ara kò bí aláìsàn tàbí òkú. Ijó tó ń lọ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú orin tó ń sáré bẹ́ẹ̀ lè dá ojú rú, ohun tí wọ́n sì fẹ́ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò lè dé ibi eré, àwo ló kù, àwo sì ti yọ ojú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbígbọ́ wọn lórí fóònù pẹ̀lú sípíkà kékeré kò ní ṣe é lóore, torí ibi tó jinlẹ̀ nínú ohùn ni ìtì igi àti báàsì ń gbé, sípíkà fóònù kò sì lè dé ibẹ̀. Ohun ìgbọ́rọ̀ tó bo etí dára jù ú lọ. Ìlù wọn ni ìdíwọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì ń ka 4, ẹsẹ̀ sì mọ ibi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́. Nínú orin àwọn alárà bí ìwọ̀nyí, kíkà lè di 7, 9 tàbí 11, ó sì lè yí padà kí ẹsẹ̀ tó mọ̀. Kíkà á lórí ìka kì í ranni lọ́wọ́. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni kí ènìyàn di ohun èlò kan mú, bóyá báàsì, kí ó máa tẹ̀ lé e títí yóò fi yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, ìyípo náà á ti há sórí.

Àwo wọn àkọ́kọ́, Grand Opening and Closing, jáde ní ọdún 2001. Orin tó ṣí i, Sleep Is Wrong, bá oorun sísùn jà, ó sì jẹ́ ibi tó rọrùn láti wọlé, nítorí pé bí ó ṣe ń pariwo tó náà ló ń dákẹ́ lójijì kí fàólíìnì lè sọ̀rọ̀.

Of Natural History, ti ọdún 2004, ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí iṣẹ́ wọn tó jinlẹ̀ jù. Ìjiyàn ni wọ́n fi gbogbo àwo náà ṣe. Lápá kan ni àwọn Futurist, tí wọ́n ń yin ẹ̀rọ. Lápá kejì ni Ted Kaczynski, onímọ̀ ìṣirò tó ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, nítòsí Oakland, kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1969, tó lọ gbé inú ahéré nínú igbó Montana, tó sì ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn láti 1978 títí di 1995. Ènìyàn mẹ́ta ló pa, ó ṣe mẹ́tàlélógún léṣe, ó ní ẹ̀rọ ló ń ba ayé jẹ́. Lẹ́tà FC ló fi ń sàmì sí iṣẹ́ rẹ̀, orin kan nínú àwo náà sì ń jẹ́ FC: The Freedom Club. Ẹgbẹ́ náà kò gbe apànìyàn náà lẹ́yìn, wọn kò sì gbe àwọn olùyin ẹ̀rọ lẹ́yìn. Ọ̀ràn ènìyàn lápapọ̀ ló sú wọn, kòkòrò sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. The 17-Year Cicada wà níbẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ kòkòrò kan pè, èyí tó ń gbé inú ilẹ̀ fún ọdún 17 kí ó tó jáde wá ké. Ó ṣẹlẹ̀ pé ní ọdún 2004 yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ìran rẹ̀ tó pọ̀ jù jáde ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Pé orin oníná àti ohun èlò onígi ló ń ṣe ìjiyàn yìí kò ṣàdédé: ìtì igi tí wọ́n so mọ́ ańpúlífáyà ti wà ní apá méjèèjì ìjà náà.

In Glorious Times tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Nínú rẹ̀ ni Kihlstedt ti kọ Angle of Repose, orin tó yẹ kí ẹni tí ariwo ń bà lẹ́rù kọ́kọ́ gbọ́. Helpless Corpses Enactment, ní ìdàkejì, le bí òkúta, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wá láti inú Finnegans Wake, ìwé James Joyce tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá kì í kà tán wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọdún 2011 ẹgbẹ́ náà ṣe eré ìdágbére, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Kihlstedt àti Bossi, tí wọ́n ti di tọkọtaya, dá ẹgbẹ́ Rabbit Rabbit sílẹ̀. Frykdahl wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Faun Fables. Òun, Rathbun, Mellender àti Shamrock tún jọ ṣe Free Salamander Exhibit, tí àwo wọn Undestroyed jáde ní 2016. Iṣẹ́ kan wà tí wọn kò parí nígbà tí wọ́n tú ká, orin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà sílẹ̀ tó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olùfẹ́ wọn dáwó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n padà sídìí rẹ̀, àwo náà sì jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2024 pẹ̀lú orúkọ of the Last Human Being. Orin ẹlòmíràn kan wà nínú rẹ̀, S.P.Q.R., tí ẹgbẹ́ This Heat ti Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ kọ. Ìyókù jẹ́ tiwọn. Ní ọdún kan náà, wọ́n tún kó ìtì igi, sípíríǹgì àti aṣọ eré wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì ṣeré láti ìlú dé ìlú ní Amẹ́ríkà.